Kí ni àlejò bá nílé?

 

Àṣà Amẹ́ríkà ti wọ Goro. Kò gba ojú ọ̀nà Tchaourou wá. Inú fóònù ló gbà. Ó wà nínú ráàpù tí àwọn ọmọ ń gbọ́, nínú fìlà tí wọ́n ń kọ sẹ́yìn, àti nínú orúkọ tí wọ́n ń pe ara wọn. Àwọn àgbà kan ní kí wọ́n lé e jáde. Ta ni yóò fi ìgbálẹ̀ gbá afẹ́fẹ́? Ìbéèrè tó wà ńlẹ̀ ni pé: nígbà tí àlejò yìí dé, kí ló bá nílé?

Ní 1969, Fela, ọmọ Abẹ́òkúta, kó ẹgbẹ́ olórin rẹ̀ lọ sí Amẹ́ríkà. Níbẹ̀ ló ti ka ìtàn ayé Malcolm X. Orin James Brown náà sì wọ̀ ọ́ létí. Síbẹ̀, nígbà tó padà dé Èkó, kò di James Brown kejì. Ó ti ní hailáìfù lọ́wọ́, ó mọ ìlù, ó sì mọ bí Yorùbá ṣe ń fi orin sọ òótọ́ fún alágbára. Ó pò wọ́n pọ̀, Afrobeat rẹ̀ sì kárí ayé. Ní Bẹ̀nẹ̀ níbí, Angélique Kidjo, ọmọ Ouidah, ti gba Grammy 5 ní Amẹ́ríkà, kò sì yọ Yorùbá àti Fọ̀n kúrò nínú orin rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti ẹni tí wọ́n ti kó ilé rẹ̀ lọ. Ìlú Detroit ní Amẹ́ríkà ni wọ́n bí Walter King sí ní 1928. Òwò ẹrú ti gba èdè àti orúkọ lọ́wọ́ àwọn baba ńlá rẹ̀. Ní 1959, ó lọ ṣe òrìṣà ní Cuba. Ó wá ń jẹ́ Adéfúnmi. Ní 1970, ó tẹ ìlú dó ní South Carolina, ó pè é ní Ọ̀yọ́túnjí. Ní 1981, wọ́n fi í joyè ní Ilé-Ifẹ̀ pẹ̀lú àṣẹ Ọọ̀ni. Ohun tí ọkùnrin yìí sọdá òkun wá, ọmọ Goro jogún rẹ̀ láìsan fráǹkì kan.

Ilé ìwé ń fi Faransé kọ́ ọmọ, fóònù ń fi Gẹ̀ẹ́sì kọrin sí i létí. Bí bàbá àti ìyá náà bá ń fi Faransé pè é wá jẹun, ta ló kù tí yóò kọ́ ọ ní oríkì ìdílé rẹ̀? Ọmọ tó sọ ilé nù, ó sọ àpò ìyà kọ́.

Kí ọdún tó ń bọ̀ tó pé, kí ilé kọ̀ọ̀kan kọ́ ọmọ kan ní oríkì, ìtàn ìdílé àti ìlù kan. Èyí tó bá fẹ́ ṣe ráàpù, kó ṣe é. Kó sáà fi èdè Goro ṣe é.