Ìpolówó “Hookup” Lórí Fóònù

Ẹ̀yin olùgbọ́ wa, ọ̀rọ̀ àgbà la fẹ́ sọ. Ọ̀pọ̀ ìpolówó “hookup”, ìyẹn ìbálòpọ̀ olówó, tó wà lórí Telegram àti Facebook, owó yín ni àwọn tó gbé e síta ń wá. Wọn á kọ́kọ́ béèrè owó ọkọ̀, lẹ́yìn náà owó ìforúkọsílẹ̀. Ẹ má san kọ́bọ̀! Ẹ gbé àwòrán tó wà nínú ìpolówó náà sínú Google Lens; bó bá jáde lórúkọ ẹlòmíràn, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti jí i. Ẹ má sì fi àwòrán ìhòòhò yín ránṣẹ́: òun ni wọ́n fi ń halẹ̀ mọ́ni.

Èyí tó ń dùn mí jù nínú irú ìpolówó yìí ni ti àwọn tí wọ́n fipá mú ṣe iṣẹ́ aṣẹ́wó, àti ti ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18. Bẹ́ ẹ bá fura pé irú èyí ń ṣẹlẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pe NAPTIP, àjọ tó ń gbógun ti fífi ènìyàn ṣòwò ní Nàìjíríà, lórí 627.