Ìtàn Ogun Láti Ẹnu Òbí

 

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí àwọn Lárúbáwá tó ń fi fíìmù sọ ìtàn ogun tó kàn wọ́n. Bí ẹ bá ń bèèrè ohun tó kan ọmọ Yorùbá níbẹ̀, ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Ní 2005, Emad Burnat, àgbẹ̀ ní abúlé Bil'in ní ilẹ̀ Palẹ́sítínì, ra kámẹ́rà nítorí pé ìyàwó rẹ̀ bí ọmọkùnrin kẹrin. Àwa náà ń ra kámẹ́rà de ìkómọjáde. Ṣùgbọ́n lásìkò náà ni ìjọba Ísírẹ́lì ń fi ọgbà wáyà gba ilẹ̀ abúlé wọn. Bí ọmọ ṣe ń dàgbà àti bí abúlé ṣe ń jà fún ilẹ̀ rẹ̀, kámẹ́rà kan náà ló ń yà á. Márùn-ún ló fọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ibẹ̀ ni orúkọ fíìmù náà, 5 Broken Cameras (2011), ti wá. Òun àti Guy Davidi, ọmọ Ísírẹ́lì, ni wọ́n jọ ṣe é.

Waad al-Kateab, ọmọ Síríà, wà ní Aleppo nígbà tí bọ́ǹbù ń rọ̀ lé ìlú náà lórí. Dókítà ni ọkọ rẹ̀ níbẹ̀. Ó bí ọmọbìnrin rẹ̀, Sama, ní 2016. Oṣù Kejìlá ọdún yẹn ni wọ́n kúrò nílùú. Fíìmù rẹ̀, For Sama (2019), dà bí lẹ́tà sí ọmọ náà: ó ń ṣàlàyé ìdí tí wọn kò fi tètè sá lọ. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni wọ́n wá tẹ̀dó sí, bíi tiwa.

Ẹ ṣàkíyèsí: oníròyìn á ka iye òkú fún wa, á sì kọjá lọ. Àwọn òbí wọ̀nyí ń bá ọmọ kan ṣoṣo sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n odidi ìlú ló wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ibẹ̀ ni ọmọ ti ń mọ àwọn tí òun jẹ́ ọ̀kan lára wọn.

Àwọn àgbà kan láàárín wa rántí ogun Nàìjíríà ti 1967 sí 1970. Ẹlòmíràn nínú wọn kò sọ ọ́ fún ọmọ rí, kí ẹ̀rù má bàa bà á. Ṣùgbọ́n bí a bá dákẹ́, tara ẹni a bá ni dákẹ́. Ẹ̀yin ọmọ, kámẹ́rà wà nínú fóònù yín. Ẹ jókòó ti bàbá àgbà, ẹ bi wọ́n léèrè, ní èdè Yorùbá. Ẹ̀yin àgbà, ẹ má lé wọn.

Ogun kò ní jà nílé wa.