Ẹ̀wà Tuntun àti Ìfòyà Ará Ìlú

Ní ọdún 2019 ni ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí irú ẹ̀wà kan tí àwọn onímọ̀ ṣe ní Zaria. Wọ́n mú ohun àbínibí kan lára kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀, wọ́n fi í sínú irúgbìn ẹ̀wà, kí ìdin tí ń lu èèpo ẹ̀wà lóko lè kú bí ó bá jẹ ẹ́. Àgbẹ̀ tí ó ti ń fín oògùn nígbà mẹ́fà sí mẹ́jọ lè wá fín in lẹ́ẹ̀mejì péré.

Síbẹ̀, ọkàn ọ̀pọ̀ ènìyàn kò balẹ̀. Àwọn kan ní àgbẹ̀ yóò di ẹrú ẹni tí ń ta irúgbìn. Ní ti ẹ̀wà, ìbẹ̀rù yìí kò nídìí, nítorí àgbẹ̀ lè fi èso rẹ̀ pamọ́ kí ó sì tún un gbìn. Ti àgbàdo tí ó tẹ̀lé e ní 2024 yàtọ̀: ìran méjì ni a pa pọ̀, bí a bá sì tún un gbìn, kì í so bí ti àkọ́kọ́. (Bẹ́ẹ̀ náà ni irú àgbàdo bẹ́ẹ̀ gbogbo ti rí, kí ọ̀rọ̀ yìí tó dé.)

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù àìsàn. Àjọ ìjọba tí ó yẹ̀ ẹ́ wò ní kò léwu. Ṣùgbọ́n ní oṣù Karùn-ún 2024, Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣojú-ṣòfin ní kí a ṣe ìwádìí. Ọjà ni ọ̀ràn náà ti le jù. A lè kọ orúkọ sára àpò irúgbìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀wà bá ti Dawanau ní Kano dé inú ọpọ́n, tí a ń fi kọ́ńgò wọ̀n ọ́n, olùrà a béèrè irú èyí tí ó jẹ́, ẹni tí ń tà á kò sì mọ̀.