Ata: Láti Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Dé Oko

Àwọn àgbà ní ẹ̀mí tí kò jata, ẹ̀mí yẹpẹrẹ ni. Ní Ìlobùú àti Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ìlú àgbẹ̀ méjì tí wọ́n múlé ti ara wọn, ata rodo lè bẹ̀rẹ̀ ayé rẹ̀ nínú ilé.

Àgbẹ̀ yóò ṣa èyí tí ó pọ́n dáadáa, yóò yọ hóró rẹ̀, yóò sì sá a síbi ibòji. Yóò po ilẹ̀dú mọ́ iyanrìn díẹ̀ nínú ìkòkò tí ihò wà nídìí rẹ̀, yóò gbin hóró náà sí i, yóò gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí ilẹ̀ inú ìkòkò bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, hóró yóò hù láàárín ọjọ́ 7 sí 14. Kí ó ṣọ́ omi lò, nítorí àpọ̀jù omi a máa mú ìdí ọmọ ata jẹrà.

Bí ó bá tó bí ọ̀sẹ̀ 6, kí ó máa gbé e sí oòrùn díẹ̀díẹ̀, kí ó tó lọ gbìn ín sóko ní ìrọ̀lẹ́. Bí ó bá pẹ́ jù nínú ìkòkò, gbòǹgbò yóò lọ́ mọ́ra.

Ní ọdún 2025, ìjà ààlà ilẹ̀ láàárín àwọn ìlú náà le débi pé ìjọba Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kéde òfin kónílé-ó-gbélé. Òfin lè sé àgbẹ̀ mọ́lé. Kò lè ní kí ọmọ ata dúró dè é. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni ata ti lè hù, oko ni yóò ti so dé ọjà. Nítorí náà, bí olùkọ́ bá ń kọ́ ọmọ ní bí a ti ń gbin ata, kí ó kọ́ ọ pẹ̀lú pé àlàáfíà ààlà jẹ́ ara iṣẹ́ àgbẹ̀, bí omi àti ilẹ̀dú ti jẹ́.