A Kì í Fárí Lẹ́yìn Olórí
(Ọ̀rọ̀ tí Akọ̀wé Ẹgbẹ́ sọ níbi Àjọ̀dún Ẹgbẹ́ Alájẹṣẹ́kù wa ní Ọ̀rányàn)

 

Ọ̀rọ̀ tí Ìgbìmọ̀ ní ká sọ lónìí kì í ṣe ti owó àjẹṣẹ́kù, kì í ṣe ti ẹ̀yáwó. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ tí a jọ ń lò ni. Bí ìjọba bá ní òun fẹ́ sọ ojúde kan di páàkì, kí la máa wí, ìgbà wo la sì máa wí i?

Ní ọ̀dọ̀ wa, tí a bá gbọ́ páàkì, páàkì ọkọ̀ ló ń sọ sí wa lọ́kàn. Èyí tí à ń sọ yìí ni ọgbà ìgbafẹ́: ilẹ̀ gbogbo ìlú, tó ní igi, ibi ìjókòó àti àyè fún àwọn ọmọdé. Láyé àwọn baba wa, ojúde ilé àti ìta ọjà ló ń ṣe iṣẹ́ yẹn. Ọjà'ba, tí wọ́n fi orúkọ Ìbà Olúyọ̀lé pè, kì í ṣe ibi tí a ti ń ra ata nìkan. Ibẹ̀ la ti ń gbọ́ ìròyìn, ibẹ̀ la ti ń pàdé àna.

Ẹ jẹ́ á wo Àgọ́dì. Ọdún 1967 ni wọ́n dá ọgbà náà sílẹ̀, pẹ̀lú àwọn ẹranko inú rẹ̀. Nígbà tí omíyalé Ògùnpa ṣẹlẹ̀ ní 1980, omi gbé ọ̀pọ̀ ẹranko náà lọ. Ní 2012 ni ìjọba ìpínlẹ̀ bẹ̀rẹ̀ àtúnṣe rẹ̀, wọ́n sì ṣí i fún ará ìlú ní 2014. Ilẹ̀ náà tó éékà 150. Ibẹ̀ dára, a kò purọ́. Ṣùgbọ́n owó ìwọlé la fi ń wọ ibẹ̀. Ìyá tó ní ọmọ mẹ́rin á kọ́kọ́ ṣírò owó ìwọlé àti owó ọkọ̀ kó tó mú wọn lọ. Bóyá owó á wà lẹ́nu géètì, wọ́n gbọ́dọ̀ bi àwọn tí yóò lo ibẹ̀ kí wọ́n tó ri òpó géètì mọ́lẹ̀.

Kì í ṣe pé Ìbàdàn kò gbọ́ irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ rí. Ní 1995, lábẹ́ ètò tí wọ́n pè ní Sustainable Ibadan Project, tí Àjọ Àgbáyé ràn lọ́wọ́, wọ́n pe oríṣiríṣi ènìyàn jọ láti sọ ohun tó ń dun ìlú. Ọ̀rọ̀ omi àti pàǹtí ló léwájú. Ibẹ̀ ni àtúnṣe ìsun omi Òkè-Ọ̀fà Babasàlẹ̀ ti jáde, tí àwọn ará àdúgbò náà sì lọ́wọ́ sí i. Wọ́n ṣiṣẹ́ ní ọjà Bódìjà pẹ̀lú.

Àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ní ìlú Durban, ní Gúúsù Áfíríkà, tiẹ̀ kọ́ wa lẹ́kọ̀ọ́. Níbi tí wọ́n ń pè ní Warwick Junction, etí títì ni àwọn ìyá eléwé-ọmọ ń jókòó sí, nínú òjò, nínú oòrùn. Lẹ́yìn 1995, ìjọba ìlú gbé ọ́fíìsì wá sáàárín wọn, wọ́n jọ jókòó, wọ́n sì kọ́ ọjà fún wọn lórí afárá tí ọkọ̀ kò gbà. Nígbà tí ìjọba tún fẹ́ gbé ilé ìtajà ńlá lé ọjà àárọ̀ wọn lórí ní 2009, wọ́n kóra jọ, wọ́n lọ sílé ẹjọ́, ilé náà kò sì di kíkọ́. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà.

Ẹ lè ní òfin kò sí lẹ́yìn wa. Ó wà. Òfin tó ń yẹ iṣẹ́ ńláńlá wò nítorí àyíká, ti 1992, ní kí wọ́n fún ará ìlú láàyè láti sọ̀rọ̀ kí wọ́n tó pinnu. Òfin Òmìnira Ìròyìn ti 2011 sì gba ẹnikẹ́ni láàyè láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìjọba, kò pọn dandan kó sọ ìdí, wọ́n sì ní láti fèsì láàárín ọjọ́ 7. Ní oṣù kẹrin 2025, Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ ní òfin náà de àwọn ìpínlẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀yin ìyá wa tí ẹ kò kàwé, ẹ má bẹ̀rù: tí ẹ bá fi ẹnu béèrè, òṣìṣẹ́ tí ẹ bá ló gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀.

Ó yá, ká ní lọ́la wọ́n ní àwọn fẹ́ tún àyíká Láyípo ṣe ní Òkè Ààrẹ, ilé gogoro tí wọ́n kọ́ ní 1936 yẹn. Kí la máa ṣe?

Èkíní, kí a ka ara wa. Àwọn tó ń ya àwòrán máa ń wá lọ́sàn-án. Ẹni tó ń tẹ àtẹ ní ìdájí àti ẹni tó ń ta àkàrà lálẹ́, wọn kò ní rí wọn. Ẹ jẹ́ á kọ ọ́ sílẹ̀: mélòó la jẹ́, kí là ń tà, aago mélòó?

Èkejì, kí a béèrè ohun tó ṣe pàtàkì: omi, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ obìnrin tó ní ìlẹ̀kùn, iná alẹ́, gọ́tà tó ń ṣàn, ibòji, àti ibi tí ọmọ lè jókòó tó bá ti ilé ìwé dé.

Ẹ̀kẹta ló wúwo jù. Kí ẹnikẹ́ni tó kó ẹrù, kí orúkọ wa wà nínú ìwé, kí ibi tí a máa fẹ̀yìn tì fúngbà díẹ̀ wà nínú rẹ̀, kí ọjọ́ tí a máa padà àti iye tí a máa san wà nínú rẹ̀. Ìlérí ẹnu kì í gba ìsọ̀ padà. Ẹ mọ̀ pé tí ìsọ̀ bá lọ, ẹ̀yáwó kò lọ. Oníwọ̀fà rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, àwọn onídùúró á sì máa san án.

Àwa náà, ẹ jẹ́ á sọ òótọ́ fún ara wa. Gbogbo ilẹ̀ kọ́ ló yẹ ká kọ́ ṣọ́ọ̀bù sí. Ilẹ̀ tó ní koríko ló ń mu omi òjò. Ẹ rántí ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, tí omi pa ènìyàn tó lé ní 100 ní Ìbàdàn. Àwọn ọmọkùnrin wa fẹ́ ibi tí wọ́n máa gbá bọ́ọ̀lù. Ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù kò fẹ́ kí alátẹ dí òun lójú. Ilé ni ká ti parí ìyẹn, ká tó gbé ohùn kan jáde. Tí a bá gbé ohùn mẹ́wàá lọ, èyí tó wù wọ́n ni wọ́n máa mú.

Nítorí náà, Ìgbìmọ̀ ń bẹ̀bẹ̀ pé kí ìpàdé wa tó ń bọ̀ yan ènìyàn márùn-ún, kí alátẹ, onísọ́ọ̀bù àti ọ̀dọ́ kan wà nínú wọn. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n kọ ìwé ìkànìyàn yẹn sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó wá. A kì í fárí lẹ́yìn olórí, ṣùgbọ́n olórí tí kò bá jókòó, abẹ kò ní dúró dè é.

Kí Olúwa má jẹ́ kí a ṣòfò, kí ọjà ó tà, kí àjọ̀dún tó ń bọ̀ bá gbogbo wa láyọ̀. Àṣẹ.