Ẹ̀jẹ̀ Inú Ìtọ̀ àti Àrùn Jẹjẹrẹ Àpò Ìtọ̀

Ọ̀rọ̀ òní dá lórí ẹ̀jẹ̀ tí ń bá ìtọ̀ jáde. Ojú máa ń ti ọ̀pọ̀ ènìyàn láti sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó lè gba ẹ̀mí ènìyàn kò yẹ ní bíbò mọ́lẹ̀.

Ìsàlẹ̀ ikùn ni àpò ìtọ̀ wà. Ibẹ̀ ni ìtọ̀ tí ó ti inú kíndìnrín wá máa ń gbára jọ sí. Awọ fẹ́lẹ́ ni ó tẹ́ inú àpò náà, iṣan líle sì yí awọ yìí ká. Nígbà tí jẹjẹrẹ bá wà lára awọ nìkan, ó ṣeé gé kúrò láìyọ àpò náà. Bí ó bá ti wọ inú iṣan, ó ti di èyí tí ó burú, nítorí láti ibẹ̀ ni ó ti lè ràn dé ẹ̀dọ̀fóró, ẹ̀dọ̀ àti egungun.

Ohun tí ń fa àrùn yìí ju ẹyọ kan lọ. Ní àwọn ìlú òyìnbó, sìgá mímu ni ó ń fà á jù lọ, nítorí oró èéfín tí ó wọ inú ẹ̀jẹ̀ a máa gba inú ìtọ̀ jáde. Ní 1895, Ludwig Rehn, oníṣẹ́ abẹ kan ní Jámánì, fi hàn pé àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ tí ń ṣe aró oníkẹ́míkà ń ní kókó nínú àpò ìtọ̀. Ṣùgbọ́n ní ọ̀pọ̀ ìletò ilẹ̀ Áfíríkà, omi odò ni a ó kọ́kọ́ fura sí.

Àrùn tí àwọn Yorùbá ń pè ní àtọ̀sí ajá ni ọ̀rọ̀ náà kàn. Orúkọ yìí mú kí àwọn kan rò pé ajá ni ó ń kó o ran ènìyàn. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Aràn ni. Theodor Bilharz, oníṣègùn ará Jámánì, ni ó rí aràn náà ní Káírò ní 1851. Ní 1915, Robert Leiper fi hàn ní Íjíbítì bí ó ṣe ń rìn. Bí ẹni tí ó ní aràn yìí bá tọ̀ sínú odò, ẹyin aràn á pa nínú omi, ọmọ rẹ̀ á sì wọ inú ìṣáwùrú. Ibẹ̀ ni yóò ti pọ̀ sí i, tí yóò tún jáde sínú omi, tí yóò sì gba ara ẹni tí ó wọ odò náà wọlé. Agbẹ̀, apẹja, obìnrin tí ń fọ aṣọ àti ọmọdé tí ń lúwẹ̀ẹ́, kò yọ ẹnì kan sílẹ̀. Nígbà tí a sé odò Ọ̀yán ní ìtòsí Abẹ́òkúta, tí a sì ṣí ìsédò náà ní 1983, àwọn olùwádìí rí àtọ̀sí ajá púpọ̀ ní àwọn abúlé tí ó yí omi náà ká.

Aràn náà a máa gbé inú òpó ẹ̀jẹ̀ tí ó yí àpò ìtọ̀ ká, ẹyin rẹ̀ a sì máa gún ara àpò náà. Bí egbò bẹ́ẹ̀ bá ń jinná tí ó tún ń dá fún ọ̀pọ̀ ọdún, ara ibẹ̀ lè yí padà di jẹjẹrẹ. Ní 1911, A. R. Ferguson kọ̀wé láti Káírò pé àrùn méjèèjì tan mọ́ra. Ní 1994, àjọ àgbáyé tí ń ṣèwádìí jẹjẹrẹ kéde pé aràn yìí ń fa jẹjẹrẹ ní tòótọ́. Irú jẹjẹrẹ bẹ́ẹ̀ a máa tètè wọ inú iṣan, ó sì ń mú àwọn tí kò tí ì darúgbó.

Báwo ni a ṣe ń mọ̀ ọ́n? Ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ ni àmì àkọ́kọ́, nígbà mìíràn láìsí ìrora rárá. Ó lè dáwọ́ dúró fún oṣù mélòó kan, kí ó tó tún padà. Èyí ni ó ń tan ọ̀pọ̀ ènìyàn jẹ. Àwọn mìíràn ń tọ̀ léraléra, tàbí kí ìsàlẹ̀ ikùn máa dùn wọ́n. Ní ilé ìwòsàn, a ó kọ́kọ́ yẹ ìtọ̀ wò fún ẹyin aràn. Ìtọ̀ ọ̀sán ni ó dára jù fún èyí, láàárín agogo 10 òwúrọ̀ sí agogo 2. Bí aràn bá wà, oògùn tí a ń pè ní praziquantel ni a ó lò. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà bá ti lo oògùn tán tí ẹ̀jẹ̀ sì ń bọ̀, kí ó má ṣe máa ra oògùn kiri. Ó tó àkókò láti wo inú àpò ìtọ̀ náà.

Ọ̀pá tín-ín-rín tí ó ní iná lórí ni dókítà ń gba ojú ọ̀nà ìtọ̀ kì bọ inú rẹ̀. Bí ó bá rí kókó, yóò gé nínú rẹ̀ pẹ̀lú díẹ̀ lára iṣan abẹ́ rẹ̀, nítorí iṣan yìí ni yóò sọ bóyá àrùn náà ti jinlẹ̀. Lẹ́yìn èyí, a ó ya àwòrán àyà àti ikùn láti mọ̀ bí ó bá ti ràn.

Èyí tí kò tí ì wọ iṣan, a ó gé e kúrò láti inú. Bí ó bá jẹ́ irú tí ó máa ń padà wá, a lè fi BCG sínú àpò náà, èyí tí í ṣe oògùn abẹ́rẹ́ tí a ń gún fún ọmọ titun nítorí ikọ́ ẹ̀gbẹ. Dókítà Alvaro Morales ni ó kọ̀wé lórí èyí ní 1976. Bí ó bá ti wọ iṣan, yíyọ àpò ìtọ̀ pátápátá ni ìtọ́jú tí a mọ̀ jù. A lè kọ́kọ́ lo oògùn jẹjẹrẹ fún àwọn tí kíndìnrín wọn lágbára. Fún àwọn mìíràn, ìtànṣán pẹ̀lú oògùn lè dípò iṣẹ́ abẹ. Ṣùgbọ́n fún irú èyí tí àtọ̀sí ajá ń fà, iṣẹ́ abẹ ni a gbẹ́kẹ̀ lé jù.

Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù pé ẹni tí kò ní àpò ìtọ̀ kò lè wà láàyè mọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Oníṣẹ́ abẹ á gé díẹ̀ lára ìfun, á so ọ̀nà ìtọ̀ mọ́ ọn, á sì ṣí ojú rẹ̀ sí ara ikùn, níbi tí ìtọ̀ yóò ti máa dà sínú àpò kékeré tí a lẹ̀ mọ́ ara. Dókítà Eugene Bricker ni ó sọ ọ̀nà yìí di mímọ̀ ní 1950, a sì ń lò ó títí di òní. Ẹni bẹ́ẹ̀ lè padà sí ẹnu iṣẹ́, kí ó sì jókòó láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀. Ohun tí ń ṣe ìpalára jù ni ìdádúró: bí ó bá ju oṣù 3 lọ lẹ́yìn tí a ti mọ àrùn náà kí a tó ṣe iṣẹ́ abẹ, ìrètí a máa dínkù.

Kékeré ni a ti í pẹ̀ka ìrókò. Kí àwọn òbí kọ́ ọmọ wọn láti má ṣe tọ̀ sínú odò. Kí àwọn ọmọ ilé ìwé gba praziquantel nígbà tí a bá ń pín in. Kí amusìgá jáwọ́. Ẹni tí ó bá sì rí ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀ rẹ̀, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré, kí ó lọ sí ilé ìwòsàn tí ó súnmọ́ ọn, kí ó sì sọ ohun tí ó rí láìfi bò.