Iná Nínú Omi Ẹ̀gẹ́

Omi tó ń kán tó-tó-tó lára àpò ẹ̀gẹ́ rírin, oúnjẹ ni fún àwọn kòkòrò tí ojú ò rí. Bí a bá bu ú sínú ìkòkò, tí a dí i mọ́ afẹ́fẹ́, tí wọ́n ń jẹ ẹ́, iná mànàmáná díẹ̀ á máa jáde. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì kan, M. C. Potter, rí irú iná tí kòkòrò ń mú jáde yìí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ́dún 1911. Pílátínọ́ọ̀mù ló fi gba iná náà. Ìyẹn wọ́n kọjá apá wa. Irin lásán a máa dípẹtà, bàbà a sì máa pa kòkòrò. Èmi fara mọ́ àdàpọ̀ irin, kurómíọ́ọ̀mù àti níkẹ́ẹ̀lì, irin ṣíbí tí ẹ fi ń jẹun. Ìkòkò kan kì í fúnni tó fóòtì kan. Ẹ so mélòó kan pọ̀, gílóòbù wẹ́ẹ́rẹ́ á tàn.